Kí Ni Ewúrẹ́ Jẹ Lónìí?

Títí di òní, tí mo bá ti gbóòórùn ewé ìyeyè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá mi ní Bódìjà ni ọkàn mi máa ń gbà lọ tààrà. Òórùn náà kan díẹ̀, ó sì tutù nímú, ó máa ń dà pọ̀ mọ́ ti èérí ògì tí a sá sórí páànù àti ti irun ewúrẹ́ tí ìrì sẹ̀ sí. Ìwọ náà mọ Bódìjà dáadáa: àwọn ilé tó ní ọgbà níwájú, géètì onírin, ajá tó ń gbó ẹni tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Kì í ṣe ibi tí ojú ti ń wá ewúrẹ́. Bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìntì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣàròyé pé ewúrẹ́ màmá mi kò jẹ́ kí àwọn kàwé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sáà ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán nílé wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń na èèpo rẹ̀ kọjá ògiri sí wa.

Màmá mi ló ni ewúrẹ́ náà. Wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ní àwọn ò lè jókòó kí àwọn máa wo ògiri. Ewúrẹ́ dúdú kan báyìí ni, funfun kékeré kan wà níwájú orí rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka tó kan ẹfun tọ́ ọ níbẹ̀. Ní àràárọ̀, màmá mi á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró kan, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé jáde lọ sí Àgbowó, wọ́n á sì gbé oúnjẹ ewúrẹ́ bọ̀. Mi ò bi wọ́n rí pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń gbà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí wọ́n bá ń bẹ iṣu, wọ́n máa ń bẹ ẹ́ nípọn nítorí ewúrẹ́, bàbá mi á sì pariwo láti pálọ̀ pé, "Ìdajì iṣu lo tún ti gbé fún ewúrẹ́ yẹn!" Màmá mi á ní, "Ẹ jẹ́ ó jẹ, aláboyún ni." Oyún àkọ́kọ́ ewúrẹ́ náà nìyẹn, inú wọn sì dùn sí i bí ẹni pé èmi ni mo lóyún.

Wọn ò rí i kó bímọ. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ló mú màmá mi lọ. A sin wọ́n, àwọn èèyàn wá kí wa kú ará fẹ́ra kù, ilé kún, ilé sì tún dá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni ewúrẹ́ bí ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti padà sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kan ní Challenge, ọlidé sì ti dé, ni mo bá di aṣọ díẹ̀, mo ní kí n lọ dúró ti bàbá mi fúngbà díẹ̀.

Ohun tí mo bá nílé bà mí lẹ́rù. Bàbá mi ò jẹun mọ́. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n o, ọkùnrin tó jẹ́ pé ohun yòówù kó jẹ láàárọ̀ títí dalẹ́, tí iyán ò bá sí ńbẹ̀, á ní òun ò tíì jẹun. Odó wà ní ìdojúdé ní kọ̀rọ̀ kíṣìnnì, aláǹtakùn ti ta òwú láti ara rẹ̀ dé ara ògiri. Mo tẹ ẹ̀bà, wọ́n wò ó. Mo se ìrẹsì, wọ́n ní kí n bò ó. "Ebi ò pa mí" ni wọ́n ń sọ ṣáá. Ṣòkòtò ti ń já bọ́ nídìí wọn. Mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú, mo sunkún, wọ́n á kàn ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mi ò ní parọ́ fún ẹ, ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti sin ọ̀kan, n ó tún sin èkejì kí oṣù tó yí po.

Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kún ilé. Àwọn tó wá kí wa ti kó búrẹ́dì, gàrí àti ìrẹsì jọ sílẹ̀ fún wa bí ẹni pé a fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ò lè jẹ ẹ́, wọn ò sì lè dà á nù. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti kó oúnjẹ tí èèyàn fi bá àwọn kẹ́dùn lọ sí ààtàn. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni pé wọ́n ń kó o fún ewúrẹ́. Tí mo bá jí láàárọ̀, n ó bá wọn lórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa já búrẹ́dì sí i lẹ́nu, wọ́n á da ìrẹsì tí mo sè fún wọn lálẹ́ àná sínú abọ́ fún un. "Abiyamọ ni," wọ́n á sọ fún mi. "Ọmọ mẹ́ta ló ń fa ọmú rẹ̀. Kó jẹ oúnjẹ gidi, kó yé jẹ èèpo." Ojú wọn máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀ tí ewúrẹ́ náà bá ń jẹ. Èmi tí mo pe ara mi ní tíṣà dúró síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó dùn mọ́ mi pé ohun kan tiẹ̀ mú wọn jáde síta. Kí ni mo mọ̀ nípa ewúrẹ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin tí mo dé, igbe àwọn ọmọ ewúrẹ́ ló lé mi dìde. Ìyá wọn dùbúlẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, ó ń payín keke, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọmú rẹ̀, ó rọ̀ pẹ̀lẹ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ náà ń ké, wọ́n ń forí gún ọmú tó ti gbẹ. Èyí tó kéré jù lọ, abo ni, ti dákẹ́ ní tiẹ̀, ó kàn forí ti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Bàbá mi dúró tì wọ́n láìwọ bàtà, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn wọn.

"Mo ti pa ewúrẹ́ ìyá yín," wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì wo ojú mi. "Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń mí nínú ohun tó fi sílẹ̀ fún mi nìyí." Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìrì, bàbá mi tí kì í jẹ́ kí ara aṣọ wọn rún. Mo wò wọ́n, mo wo ewúrẹ́, mo sì mọ̀ pé tí èyí bá kú, kò sí ohun tí mo lè sọ tí yóò tún gbé bàbá mi dìde nílẹ̀ yẹn.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó ń fún màmá mi lóúnjẹ ewúrẹ́ á mọ nǹkan nípa ewúrẹ́. Mo gbé e, mo gba ẹ̀yìn ilé, mo sáré dé Àgbowó tèmi taṣọ ìsùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ti ń tò síwájú àwọn tó ń din àkàrà. Mi ò mọ ẹni tí mo máa bi, mo kàn ń rìn lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì ń jù lọ́wọ́ mi. Ìyá kan jókòó síwájú ilé kan, wọ́n ń sẹ́ ògì. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì fi asẹ́ sílẹ̀. "Yéè! Bọ́kẹ́ẹ̀tì Màmá eléwúrẹ́ rèé. Ìwọ lọmọ wọn." A ò tíì kí ara wa tí omi ti bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. "Búrẹ́dì kẹ̀? Ìrẹsì kẹ̀? Fún ewúrẹ́ tó ń fọ́mọ lọ́mú? Háà, ẹ fẹ́ pa á ni!" Wọn ò tiẹ̀ fọ ọwọ́ tán tí wọ́n fi tẹ̀ lé mi. Bí wọ́n ṣe dé ilé, wọ́n rẹ káún díẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n da epo pupa sí i, wọ́n sì fi ìgò rọ ọ́ sí ewúrẹ́ lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, kó má baà gba ọ̀nà òdì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí bàbá mi tó ṣì wà nílẹ̀. "Bàbá, ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ fún un lóúnjẹ, ẹ̀yin lẹ máa bá a fọwọ́ pa ikùn. Báyìí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ má dáwọ́ dúró o." Ó yà mí lẹ́nu pé bàbá mi dìde. Wọ́n kúnlẹ̀ ti ewúrẹ́ náà, wọ́n ń pa á níkùn, tó bá sì lágbára díẹ̀, wọ́n á mú un rìn yí igi máńgòrò ká.

Bàbá mi ní kí n po mílíìkì alágolo fún àwọn ọmọ. Ìyá ológì ní, "Rárá o, kì í ṣe tíì lẹ fẹ́ mu." Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà l'Ójòó, mo gun ọ̀kadà lọ, mo gbé wàrà tútù bọ̀ nínú ike. A gbé e gbóná díẹ̀, a fi fídà ọmọ ìkókó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ńlá méjì fà á kíákíá. Abo kékeré náà ò mọ̀ ọ́n fà, èmi ni mo ń kán an sí i lẹ́nu, tí mò ń sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, gbé e mì. Jọ̀ọ́, má ṣe èyí sí mi." Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá wọn na ọrùn, ó sì gùnfẹ̀, gùnfẹ̀ rẹpẹtẹ tó ń rùn bí ọtí kíkan. Kò sí orin tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí! Ó pẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àpọ̀jẹ, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyá ológì pàtẹ́wọ́. Bàbá mi gbé iwájú orí wọn lé ẹ̀yìn ewúrẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá ológì mú mi gba ọ̀nà tí màmá mi ń gbà. Wọ́n ń kọ́ mi bí a ṣe ń lọ. Ewé ni kí ewúrẹ́ kọ́kọ́ jẹ láàárọ̀, ewé ìyeyè ni Màmá fẹ́ràn jù fún èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Omi mímọ́, kí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mu omi kò lè ní omi ọmú. Lẹ́yìn ewé ni èèpo iṣu tí a ti sá gbẹ, èèpo ẹ̀wà, àti èérí ògì díẹ̀. Ohun yòówù tó bá sì ṣàjèjì sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan lónìí, ẹ̀kúnwọ́ kan ààbọ̀ lọ́la, kí inú rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà ni ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ. Ìyá alákàrà ti kó èèpo ẹ̀wà gbígbẹ sínú àpò kan, wọ́n so ẹnu rẹ̀. Ìyá oní-dùńdú ní àpò èèpo iṣu ńlá kan lábẹ́ tábìlì wọn. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ pé màmá mi ti kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò tíì gbọ́. Ìyá oní-dùńdú ní, "Mo máa ń ní kí n dà á nù, n ó bá tún rí i pé mo ti kó o sínú àpò."

Ibí yìí ni mo ti parọ́ fún bàbá mi. Èèpo iṣu tó wà nínú àpò yẹn tó ewúrẹ́ náà jẹ fún ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e délé, ojú mi bọ́ sí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ohun kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti àpò náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo da àkísà bò ó. Mo lọ bá bàbá mi, mo ní, "Dádì, ìyá ológì ní èèpo iṣu ló máa dá omi ọmú ewúrẹ́ padà, kò sì sí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Lọ rà á nígbà náà."

"Wọn kì í ta èèpo, sà. Ibi tí wọ́n bá ti ń jẹ iṣu ni wọ́n ti ń rí i."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá dìde, wọ́n mú iṣu kan nínú èyí tí wọ́n kó wá láti Èkìtì fún ìsìnkú, wọ́n sì mú ọ̀bẹ. Bàbá mi ò mọ iṣu bẹ, àbẹ̀bàjẹ́ ni wọ́n ń bẹ ẹ́, ó nípọn ju ti màmá mi lọ. Wọ́n gbé èèpo jáde lọ sá. Iṣu tí wọ́n ti bẹ wá kù lórí tábìlì, ó funfun gbòò. Mo ní, "Kí la fẹ́ fi èyí ṣe? Á dúdú o." Mo sè é, mo fọ odó, mo gún un, ọmọrí odó ń dún lẹ́yìn ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí màmá mi ti lọ. Mo gbé e síwájú wọn pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Wọ́n jẹ òkèlè kan. Wọ́n dúró. Wọ́n jẹ òmíràn. Mo sá lọ sí balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́: ewúrẹ́ nílò èèpo, nítorí náà bàbá mi ń jẹ iyán. Ọmú ewúrẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó ń fì lábẹ́ rẹ̀ tó bá ń rìn, abo kékeré náà sì ti ń fi orí ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò níbi ọmú.

Ìṣó méjì wà lára òpó lẹ́yìn kíṣìnnì. Lára èyí tó wà lókè ni a máa ń so ewé kọ́, nítorí ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ewé tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀. Èkejì wà nísàlẹ̀, kò ga tó orúnkún mi. Ó ti ya aṣọ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti ń wá òòlù tí mo máa fi yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ náà ti ń lọ sí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá ológì wá wò wọ́n, wọ́n rí wọn tí wọ́n ń fẹnu ṣeré lára ewé tó jábọ́. "Ó ti tó àsìkò," wọ́n wí. "Kí wọ́n má gbára lé ọmú nìkan, wọ́n á fa ìyá wọn gbẹ. Ẹ so ewé tiwọn sílẹ̀, ibi tí ẹnu wọn á tó o." Mo bi wọ́n pé ibo ni mo fẹ́ so ó kọ́.

Bàbá mi ló dáhùn. Ojú wọn wà lára òpó. "Ìyá ẹ ló kan ìṣó ìsàlẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àìsàn náà ni. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìṣó tó kéré tó báyìí kọ́. Ó ní, àwọn tó ń bọ̀ ló ni ín." Wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n gba ewé ìyeyè lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì so ó mọ́ ìṣó náà fúnra wọn. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré wá. Ẹnu wọn tó o pẹ́rẹ́, bí ẹni pé màmá mi fi rúlà wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó dáyé. Láti ọjọ́ tí a ti sin màmá mi, bàbá mi ò tíì sunkún lójú mi rí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sunkún, níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ wọn lára òpó, èmi náà sì dì mọ́ wọn láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí ọlidé parí, mo di ẹrù mi. Bàbá mi sìn mí dé géètì. Wọ́n ní, "Kí o tó lọ, jọ̀ọ́, kó àpò èèpo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì yẹn jáde. Ó ti ń bu." Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti rí i. "Ọjọ́ tí o gbé e wọlé." Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń bẹ iṣu?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo rí i pé o fẹ́ kí n jẹun tó bẹ́ẹ̀ tí o fi parọ́ mọ́ ewúrẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

Láti ìgbà yẹn, mi ò béèrè mọ́ lórí fóònù bóyá bàbá mi ti jẹun. Mo máa ń béèrè pé, "Dádì, kí ni ewúrẹ́ jẹ lónìí?" Tí wọ́n bá ní èèpo iṣu, ọkàn mi á balẹ̀. Tí wọ́n bá ní ewé nìkan, n ó wọ mọ́tò láti Challenge wá sí Bódìjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Abo kékeré yẹn ti di ìyá báyìí, òun náà ti bímọ, ìṣó ìsàlẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé ìfẹ́ màmá mi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu. Èèpo tó nípọn ni, ìṣó tí wọ́n kàn sílẹ̀ de ẹni tí wọn ò ní rí ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá mi gúnlẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi nǹkan kan sẹ́nu, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Fóònù dún, bàbá mi ni. Wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n ní, "Kí ni ewúrẹ́ jẹ lónìí?"

Mo ní, "Dádì, mi ò ní ewúrẹ́."

"Mo mọ̀," wọ́n wí. "Dìde, kí o bẹ iṣu."

Mo di ògiri mú, mo dìde, mo bẹ ẹ́. Mo sì bẹ ẹ́ nípọn.